Àtúnṣe Wáyà Àsopọ̀ Níbi Iná Iwájú Ọkọ̀

Wáyà àsopọ̀ ni wáyà tí rìwáyà, oníṣẹ́ iná ọkọ̀, gé, tó sì lọ́ mọ́ òmíràn, kí iná iwájú tí kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ lè tàn. Ó wọ́pọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde àti ní ìlúkílùú tí ọkọ̀ tòkunbọ̀ bá ti pọ̀. Bí irú iná bẹ́ẹ̀ bá ń ṣe bàìbàì tàbí tó ń ṣẹ́jú, gílóòbù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń pààrọ̀. Ṣùgbọ́n ojú àsopọ̀ ló yẹ ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Yíyọ àsopọ̀ tí kò dára kúrò ni àtúnṣe. Fífi tépù tuntun bò ó kì í ṣe àtúnṣe.

Ìtàn

Títí di ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin ọdún 1972, apá òsì ni ọkọ̀ ń gbà ní Nàìjíríà. Ọjọ́ náà la bọ́ sí apá ọ̀tún. Iná kékeré tí wọ́n ṣe fún Ìlú Ọba tàbí Japan ṣì ń gbé ìmọ́lẹ̀ sókè sí apá òsì, bẹ́ẹ̀ apá òsì gan-an ni awakọ̀ tó ń bọ̀ wà ní tiwa. Ìdí kan nìyí tó fi tọ́ láti pààrọ̀ odindi iná. Èyí tí wọ́n bá rà, ní Ládípọ̀ ní Mushin tàbí níbòmíràn, lè má bá sọ́kẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ mu, ni wọ́n á bá gé wáyà. Fún ìlú bí Ìjẹ̀bú-Òde tó wà lójú ọ̀nà Ṣàgámù sí Ọ̀rẹ́ àti Benin, ìmọ́lẹ̀ lálẹ́ kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988, sì ka àìsí iná tó dára sí ẹ̀ṣẹ̀.

Ìdí tí àsopọ̀ fi ń bàjẹ́

Gílóòbù H4 tó wọ́pọ̀ ń lo 55 watt fún iná kékeré, 60 watt fún iná ńlá. Lórí bátìrì 12 volt, 60 watt ń fa ampere 5. Bí àsopọ̀ tí kò fún bá ní ìdènà ìdá kan péré nínú mẹ́wàá ohm, ìlàjì volt ti sọnù nìyẹn, watt 2.5 sì di ooru lójú kan ṣoṣo. Fi gílóòbù 100 watt síbẹ̀, ooru náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́ta. Ìmọ́lẹ̀ halogen sì ń yára dínkù ju volt lọ: bí volt bá dín ní ìdá kan nínú mẹ́wàá, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ìmọ́lẹ̀ ló ń lọ. Ní àsìkò òjò, omi ń wọ abẹ́ tépù, bàbà ń dógùn-ún, ìdènà ń pọ̀ sí i, títí rọ́bà wáyà á fi yọ́. Àwọn kan ní LED kì í fa iná púpọ̀, pé ọ̀rọ̀ náà kò kàn án. Òótọ́ ni pé ooru rẹ̀ kéré. Àmọ́ àsopọ̀ tó ń já tó tún ń kàn máa ń mú LED ṣẹ́jú, wáyà áàtì tó dógùn-ún sì ń ṣe bákan náà.

Àtúnṣe

Rìwáyà á kọ́kọ́ yọ orí áàtì bátìrì. Á gé wáyà sẹ́yìn títí bàbà tó ń dán á fi hàn. Bí wáyà bá kúrú, á fi èyí tí kò tín-ín-rín ju ti àkọ́kọ́ lọ gùn ún. Kì í to àwọn ojú àsopọ̀ síbì kan náà, kí wọ́n má baà kan ara wọn. Ojú kọ̀ọ̀kan á wọ inú ọ̀pá bàbà kékeré, á fi irinṣẹ́ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́ra, á fà á wò, á sì fi rọ́bà tí ooru ń mú sún kì bò ó. Bí gílóòbù bá lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, rìléè, swíìṣì tí swíìṣì mìíràn ń tan, ló kàn: iná bátìrì á gba fíúsì dé orí 30, orí 87 á lọ sí gílóòbù, 85 àti 86 á gba àṣẹ swíìṣì. Níkẹyìn, á dá orí áàtì bátìrì padà, á tan iná, á wọn volt lórí bátìrì àti lẹ́yìn gílóòbù. Bí ìyàtọ̀ bá ju ìlàjì volt lọ, àsopọ̀ burúkú ṣì kù níbì kan.

Àríyànjiyàn

Àwọn kan gbà pé jíjó léèdì ló dára jù, torí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọ àárín bàbà. Àwọn mìíràn ní léèdì ń sọ wáyà di gan, gbígbọ̀n ọkọ̀ á sì ṣẹ́ ẹ níbi tí léèdì parí sí. Ó jọ pé ọ̀dọ̀ ìtẹ̀mọ́ra ni ẹ̀rí tẹ̀ sí, nítorí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ń lò ó gan-an. Síbẹ̀, ìtẹ̀mọ́ra tí a fi irinṣẹ́ tí kò yẹ ṣe lè burú ju léèdì tí a jó dáadáa, tí a sì dè kí ó má gbọ̀n. Àtakò tó lágbára jù ni ti owó: wáyà tí a lọ́ lásán ti tan fún ọ̀pọ̀ ọdún nínú àwọn ọkọ̀ kan. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ níbi tí iná tó ń kọjá bá kéré. Ṣùgbọ́n iná iwájú ń gbé agbára púpọ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ooru ẹ́ńjìnnì. Owó tí a rò pé a fi pamọ́ níbẹ̀ la ó fi máa ra gílóòbù tuntun rọ́pò èyí tí kò jẹ̀bi ohunkóhun.