Ẹsẹ̀ Ò Gbọdọ̀ Kanlẹ̀

 

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, àwa márùn-ún la kórí jọ sídìí fóònù kan ṣoṣo nínú yàrá wa ní họ́stẹ̀lì. Ìdíje kẹ̀kẹ́ àgbáyé là ń wò láti Kigali, olú-ìlú Rùwáńdà, ìlú tó jẹ́ kìkì òkè. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n máa gbé ìdíje náà wá sí ilẹ̀ Áfíríkà. Remco Evenepoel, ọmọ Bẹ́líjíọ̀mù, ló gba ipò kìíní nínú ìje aago. Kódà, ó lé Tadej Pogačar, tó ti ṣáájú rẹ̀ gbéra, bá lójú ọ̀nà, ó sì kọjá lára rẹ̀. A pariwo! Ni ọ̀kan nínú wa bá ní, "Ẹ gbàgbé ẹ jàre, eré òyìnbó nìyí. Àwa tí à ń jẹ iyán, kí ló kàn wá nínú kí èèyàn máa gun kẹ̀kẹ́ lórí òkè?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà dùn mí, torí mo rántí bàbá tó bí bàbá mi ní Inísà. Èsì tí n kò rí fọ̀ lọ́jọ́ náà ni mo jókòó kọ síbí.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ ṣàlàyé ìje aago fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Nínú ìje kẹ̀kẹ́ tó wọ́pọ̀, ogunlọ́gọ̀ ló ń gbéra pọ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ débẹ̀ ló jẹ. Ti ìje aago yàtọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń tú wọn sílẹ̀ bí ẹyẹlé, aago ló sì ń sọ ẹni tó yá jù. Kò sí ẹni tí wàá sá sẹ́yìn rẹ̀ kó máa bá ọ gba atẹ́gùn. Tí wọ́n bá wá gbé e lọ sórí òkè, ọ̀ràn ti di méjì. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, atẹ́gùn ni ọ̀tá. Lórí òkè, ìwúwo ni. Gbogbo ohun tó bá wà lórí kẹ̀kẹ́ náà, títí kan ara ìwọ fúnra ẹ, ẹsẹ̀ ẹ ló máa gbé e gòkè.

Ó yá, ẹ bá mi ká lọ sílé.

Ní 1885, ní ìlú Coventry nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, John Kemp Starley ṣe kẹ̀kẹ́ kan tí táyà rẹ̀ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, tí ṣéènì sì ń yí táyà ẹ̀yìn. Òun ni baba kẹ̀kẹ́ tí a mọ̀ lónìí. Ní 1888, Dunlop ṣe táyà tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí. Ọdún yẹn náà ni Frank Bowden dara pọ̀ mọ́ ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Raleigh Street ní ìlú Nottingham, ibi tí orúkọ Raleigh ti wá nìyẹn. Ní àsìkò tí àwọn yẹn ń ro ṣéènì, kí ló ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wa? Ogun ni. Ogun Jálumi ti jà ní Ìkìrun ní 1878, odò Ọ̀tìn sì gbé ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Ìlọrin lọ. Ìbọn Kírìjì ń dún lórí òkè láàárín Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé, kò sì tán pátápátá títí di 1893. Tí èèyàn bá rí òkè nígbà náà, ibi ìfarapamọ́ ló rí. Ta ló ń ronú eré?

Àlàáfíà ló la ọ̀nà. Rélùwéè dé Òṣogbo ní 1907. Ó gba Ìkìrun àti Òkukù kọjá lọ sí Ọ̀fà àti Ìlọrin, ó sì dé Jẹ́bà ní 1909. Ọjà wá ń wọlé, obì, epo àti ẹ̀kùrọ́ ń jáde. Àmọ́ rélùwéè ò lè yà sí oko ẹnikẹ́ni. Ó tún ń bẹ̀rù òkè: tó bá rí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, àfi kó lọ́ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Láti oko dé ọjà, orí àti ẹsẹ̀ èèyàn ló ń ṣe é, kó tó di pé kẹ̀kẹ́ dé. Tíṣà ń gùn ún, akọ̀wé kóòtù ń gùn ún. Àwọn Òṣómàáló, àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn kiri, tí wọ́n á sì lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí wọn ó fi gbowó, fi ẹsẹ̀ rìn títí kí àwọn náà tó gun kẹ̀kẹ́. Ẹni tó bá sì ti ní Raleigh nígbà náà, ọkùnrin ni.

Bàbá àgbà mi fi owó obì ra tiẹ̀ ní nǹkan bí 1961. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́rin, Inísà méjì, Òkukù méjì, máa ń gbé ẹrù lọ sí ọjà Ìkìrun. Wọ́n á di àpò obì mọ́ kárià, wọ́n á so kẹ̀ẹ̀gì epo mọ́ ẹ̀gbẹ́. Òkè kan wà lójú ọ̀nà àtijọ́ láti Inísà lọ sí Ìkìrun, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń figagbága. Òfin wọn ò ju ẹyọ kan lọ: ẹsẹ̀ ò gbọdọ̀ kanlẹ̀. Bí o fẹ́ kí o yára bí àṣá, bí o fẹ́ kí o falẹ̀ bí ìgbín, kò kàn wọ́n. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kanlẹ̀ kó tó dókè ló máa ra ẹmu lọ́jà.

Mo ti gbọ́ ìtàn yìí láti kékeré, n kò kà á sí nǹkan kan. Eré àwọn àgbà ni, àbí? Àfìgbà tí mo ka ìtàn Tour de France.

1903 ni ìdíje yẹn bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Faransé. Ní 1910, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Alphonse Steinès fẹ́ kí wọ́n gbé e gba orí àwọn òkè ńlá Pyrenees. Ó lọ wo ọ̀nà Tourmalet, tó ga ju mítà 2,100 lọ. Yìnyín dí ọkọ̀ rẹ̀ lọ́nà, ó fẹsẹ̀ rìn lóru, díẹ̀ ló kù kó kú síbẹ̀. Nígbà tó máa tẹ wáyà sí ọ̀gá rẹ̀, Henri Desgrange, ó ní ọ̀nà dáa gan-an ni! Ẹ ò rí i pé kì í ṣe ọ̀dọ̀ tiwa nìkan ni wọ́n ti ń ròyìn títì tí kò sí.

Ní July 21, 1910, àwọn eléré gun òkè náà. Octave Lapize ló kọ́kọ́ débẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń gùn ún díẹ̀, ó ń sọ̀ kalẹ̀ tì í díẹ̀. Inú bí i lọ́jọ́ yẹn débi pé ó pe àwọn tó ṣètò ìje náà ní apànìyàn. Síbẹ̀, òun ló jẹ. Àmọ́ Gustave Garrigou nìkan ló gun Tourmalet délẹ̀délẹ̀ láìsọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn 100 fíráǹkì lọ́tọ̀ nítorí ìyẹn.

Nígbà tí mo dé ibí yìí, mo pa ìwé dé. Ẹsẹ̀ ò gbọdọ̀ kanlẹ̀! Òfin àwọn bàbá wa lọ́nà Ìkìrun nìyẹn gẹ́lẹ́. Ẹnì kan ò sì kọ́ ẹnì kejì. Òkè fúnra rẹ̀ ló kọ́ wọn. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n gùn ò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀: irin tó wúwo, tí kò sí jíà téèyàn lè máa yí bó ṣe ń lọ. Títí di 1937 ni Tour fi ka irú jíà bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ fún àwọn ògbólógbòó eléré.

Aago ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dé lẹ́yìn ìyẹn ni. Ní 1939 ni Tour kọ́kọ́ ṣe ìje aago gba orí òkè ńlá, ní Iseran. Sylvère Maes, ọmọ Bẹ́líjíọ̀mù, ló jẹ ẹ́. Ní 1958, Charly Gaul láti Luxembourg gun òkè Ventoux ní wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 2 lé díẹ̀. Títí dòní, wọn ò gbàgbé. Ní 2004, ní Alpe d'Huez, aago ní Lance Armstrong ló yá jù. Ní 2012, wọ́n gba gbogbo oyè rẹ̀ níbẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí oògùn. Nítorí náà, aago ń sọ bí èèyàn ti yá tó, kò sọ ohun tó gbé e gòkè.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Ká ní èèyàn wọn 60 kìlò, kẹ̀kẹ́ Raleigh àtijọ́ rẹ̀ wọn 20. Ó di 80. Ká ní ó gun òkè kan ní ìṣẹ́jú 10. Ẹ wá di 50 kìlò obì àti epo lé e lẹ́yìn, ó di 130. Pẹ̀lú agbára kan náà, òkè yẹn á gbà á ju ìṣẹ́jú 16 lọ. Kẹ̀kẹ́ ìje òde òní ńkọ́? Òfin ní kò gbọdọ̀ fúyẹ́ ju kìlò 6.8 lọ. Ìyẹn ni pé wọ́n ní láti fòfin dè é kó má baà fúyẹ́ jù!

Nígbà tí mo lọ sílé ní oṣù Kejìlá, mo pinnu láti wò ó wò. Mo yá kẹ̀kẹ́ àtijọ́ kan ní Òkukù. Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣebí ní Òlíńpíìkì Paris 2024, kẹ̀kẹ́ tí Ese Ukpeseraye yá lọ́wọ́ ikọ̀ Jámánì ló fi ṣojú Nàìjíríà. Mo gùn ún dé Inísà nínú ọyẹ́, ètè mi ti bó. Wọ́n fi ọ̀kadà gbé Bàbá lọ sórí òkè náà, wọ́n gbé àga fún wọn lábẹ́ igi. Mo tẹ aago fóònù mi, mo sì gbéra. N kò gbé ẹrù kankan o.

Ní ìdajì òkè, itan mi ń gbóná bí ìgbà tí wọ́n ta ata sí i. Ẹsẹ̀ mi kanlẹ̀. Mo tún gùn ún, ó tún kanlẹ̀. Nígbà tí mo débẹ̀, mo nawọ́ fóònù sí wọn, mo ní, "Bàbá, ẹ wò ó, ìṣẹ́jú 6 àti ìṣẹ́jú-àáyá 40!"

Wọn ò tilẹ̀ wo fóònù. "Àjàní, ẹ̀ẹ̀melòó lẹsẹ̀ ẹ kanlẹ̀?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì, Bàbá."

"Ó dáa. Lọ ra ẹmu."

Bí a ṣe ń mu ẹmu náà ni wọ́n dárúkọ àwọn ọ̀rẹ́ wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún mi, pẹ̀lú ẹrù tí oníkálukú máa ń gbé, àti ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti máa ń kanlẹ̀. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti kú. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Lapize àti Garrigou wà nínú ìtàn nítorí pé akọ̀ròyìn dúró síbẹ̀ pẹ̀lú pẹ́ńsù. Kò sẹ́ni tó mú pẹ́ńsù dúró lórí òkè tiwa.

Torí náà, ọ̀rẹ́ mi tó ní kí ló kàn wá, èsì ẹ nìyí: ó kàn wá. Kíkọ ni a ò kọ ọ́. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, tí a bá gba ìsinmi, ẹ bi àwọn àgbà ilé yín léèrè òkè tí wọ́n gùn àti ohun tí wọ́n gbé gùn ún. Ẹ tètè bi wọ́n.