Bí Abẹ́rẹ́ Ti Kéré Tó, Kì í Ṣe Mímì fún Adìẹ

Àwọn àgbà ní bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Adìẹ a máa ṣa òkúta wẹ́wẹ́ jẹ, a sì máa gbé àgbàdo mì lódidi. Ṣùgbọ́n bí ó bá fojú díwọ̀n abẹ́rẹ́, tó gbé e mì, ọ̀fun rẹ̀ ni yóò kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Ìkìlọ̀ òwe yìí ni pé ká wá òdiwọ̀n tó bá ohun kọ̀ọ̀kan mu kí á tó fọwọ́ kàn án.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ átọ́ọ̀mù rí: ó kéré débi pé ojú lásán kò rí i, kò sì sí òṣùwọ̀n ọjà tó lè gbé ẹyọ kan rẹ̀. Síbẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 1803, John Dalton, olùkọ́ kan ní ìlú Manchester, bẹ̀rẹ̀ sí í fi átọ́ọ̀mù wé átọ́ọ̀mù. Ó fi haidirójìn, tó fúyẹ́ jù lọ, ṣe 1, ó wá ń ṣírò ìlọ́po tí àwọn yòókù fi wúwo jù ú lọ. Láti ọdún 1961, kábọ́ọ̀nù 12 ni gbogbo ayé fi ń ṣe òdiwọ̀n: a pín ìwúwo átọ́ọ̀mù rẹ̀ kan sí ọ̀nà méjìlá, ìdá kan nínú rẹ̀ sì ni 1. Nígbà tí a bá ní ọ́síjìn jẹ́ 16, ìlọ́po 16 ìdá yẹn ni.

Ibi tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìnà nìyí. Ìwúwo átọ́ọ̀mù kan ṣoṣo ni ìwé ń pè ní atomic mass. Atomic weight jẹ́ ìpíndọ́gba ọ̀pọ̀ átọ́ọ̀mù. Ẹ mú kílórínì inú iyọ̀. Bí a bá ka átọ́ọ̀mù rẹ̀ ní mẹ́rin mẹ́rin, bíi mẹ́ta ni yóò jẹ́ 35, ọ̀kan á jẹ́ 37. Ro 35 mẹ́ta mọ́ 37 kan, 142 ni. Pín in sí mẹ́rin, 35.5 ni. Kò sí átọ́ọ̀mù kílórínì kankan tó wúwo 35.5, ṣùgbọ́n nọ́ńbà yìí ló wà nínú àtẹ àwọn ẹ́límẹ́ǹtì tó wà lára ògiri kíláàsì, nítorí ẹni tó bu iyọ̀ kò lè ṣa átọ́ọ̀mù rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bí átọ́ọ̀mù bá so pọ̀ di mólékù, a ó ro ìwúwo wọn pọ̀. Òun ni molecular weight. Ní Eleme, lẹ́bàá Port Harcourt, iléeṣẹ́ Indorama ń fi gáàsì abẹ́ ilẹ̀ ṣe ajílẹ̀ yùríà. Mólékù yùríà kan ní kábọ́ọ̀nù kan, 12. Ọ́síjìn kan, 16. Náítírójìn méjì, 28. Haidirójìn mẹ́rin, 4. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 60. Náítírójìn ni irúgbìn ń wá nínú rẹ̀, 28 nínú 60 sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 47 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ wo ara àpò yùríà, 46 ni wọ́n kọ síbẹ̀. Àgbẹ̀ tó gbé àpò 50 kìlógíráàmù lọ sóko ti gbé kìlógíráàmù 23 náítírójìn dání. Nínú àpò NPK 15-15-15 tó tóbi bákan náà, tí náítírójìn rẹ̀ jẹ́ 15 nínú ọgọ́rùn-ún, kìlógíráàmù 7.5 péré ni yóò rí.

Gáàsì tí wọ́n ń sun dànù ní oko epo Ìpínlẹ̀ Rivers náà gba ìṣírò. Mẹ́táénì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, 16 sì ni. Bí tọ́ọ̀nù 16 rẹ̀ bá jó tán, kábọ́ọ̀nù daiọ́kísáìdì tọ́ọ̀nù 44 ni yóò bọ́ sójú ọ̀run, pẹ̀lú omi tọ́ọ̀nù 36. Níbo ni àlékún ti wá? Iná náà ti gba tọ́ọ̀nù 64 ọ́síjìn lára afẹ́fẹ́. 16 àti 64 jẹ́ 80. 44 àti 36 náà jẹ́ 80.

Ẹ jẹ́ ká wọ ilé ìdáná wàyí. Afẹ́fẹ́ tí à ń mí jẹ́ nǹkan bí 29 ní ìpíndọ́gba. Gáàsì inú sìlíńdà jẹ́ àdàlù puropéènì, 44, àti bútéènì, 58. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà bó bá ń jò, ilẹ̀ ló ń wá: á ṣàn lọ sábẹ́ tábìlì, á kó sínú kọ̀rọ̀ àti gọ́tà. Fèrèsé òkè nìkan kò tó láti lé e jáde. Ilẹ̀kùn ni ká ṣí gbayawu, ká ti sìlíńdà pa, ká má ṣáná, ká má sì fọwọ́ kan súwíìṣì iná.

Èéfín jẹnẹrétọ̀ ní kábọ́ọ̀nù mọnọ́kísáìdì nínú. 12 àti 16 ló ròpọ̀ nínú rẹ̀, ó jẹ́ 28, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá afẹ́fẹ́ dọ́gba. Kì í rọ̀ sílẹ̀, kì í sì í fò lọ sókè. Ṣe ló ń dàpọ̀ mọ́ èémí wa láìní òórùn, láìní àwọ̀, tí yóò fi pa ẹni tó sùn.

Mo rọ àwọn olùkọ́ kẹ́mísírì pé kí wọ́n fi àpò yùríà òfìfo kọ́ ọmọ ní ìṣírò yìí, kí wọ́n sì ní kó fi 58 àti 28 wé 29 fúnra rẹ̀. Ọmọ tó bá ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni tan jẹnẹrétọ̀ sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀.