Dáàmù South Fork àti Ìkún Omi Johnstown (1889)

Dáàmù South Fork jẹ́ odi erùpẹ̀ àti òkúta tí a fi sé odò kan ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́rọ̀ kan ni ó ni ín, adágún tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n sì fi ṣe ibi ìgbafẹ́. Ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 1889, odi náà já, omi rẹ̀ sì pa ènìyàn 2,209 ní ìlú Johnstown àti ní àwọn abúlé tó wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Òjò ńlá rọ̀ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe òjò nìkan ni ó fa ìparun yìí. Ó ti tó ọdún bíi mẹ́rìnlá tí àwọn tó ni odi náà ti ń dín ọ̀nà tí omi lè gbà jáde kù, lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí èrè tàbí ìrọ̀rùn ara wọn.

Ìjọba Pennsylvania ni ó kọ́kọ́ mọ odi náà. Iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1838, ó sì parí ní 1853. Ète rẹ̀ ni láti pèsè omi fún odò àtọwọ́dá tí àwọn ọkọ̀ ojú omi ń gbà kó ẹrù. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ ojú irin fi gba iṣẹ́ náà, ilé-iṣẹ́ rélùwéè kan sì ra gbogbo rẹ̀ ní 1857. Ní 1862, apá kan odi náà wó, ṣùgbọ́n omi kò pọ̀ nínú adágún nígbà náà, kò sì ṣe ìpalára púpọ̀. Ní 1875, John Reilly tó jẹ́ aṣòfin ra ibẹ̀. Ó yọ páìpù irin márùn-ún tó wà nísàlẹ̀ odi, ó sì tà wọ́n bí irin àlòkù. Páìpù wọ̀nyí ni a fi ń fa omi adágún sílẹ̀ bí ó bá ń kún jù, tàbí bí a bá fẹ́ tún odi náà ṣe.

Ní 1879, Benjamin Ruff ra ilẹ̀ náà fún ẹgbẹ́ apẹja àti ọdẹ tí ń jẹ́ South Fork Fishing and Hunting Club. Andrew Carnegie, Henry Clay Frick àti Andrew Mellon wà lára ọmọ ẹgbẹ́ náà. Wọ́n dí ibi tó wó, adágún sì tún kún, ó gùn tó kìlómítà mẹ́ta lẹ́yìn odi tó ga tó mítà 22. Ṣùgbọ́n wọn kò fi páìpù mìíràn dípò èyí tí a yọ. Wọ́n gé orí odi náà wálẹ̀ kí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin lè rí àyè kọjá lórí rẹ̀. Wọ́n sì na àwọ̀n irin sí ojú àkúnwọ́sílẹ̀, kí ẹja tí wọ́n rà má baà bá omi lọ. Èyí léwu, nítorí odi erùpẹ̀ kì í dúró pẹ́ bí omi bá gba orí rẹ̀ kọjá: omi á máa wọ́ erùpẹ̀ náà lọ títí odi á fi já.

Ìkìlọ̀ wá ṣáájú. Johnstown wà ní nǹkan bí kìlómítà 22 nísàlẹ̀ odò. Ní 1880, Daniel J. Morrell, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ irin Cambria tó wà ní ìlú náà, rán ẹnjiníà John Fulton lọ yẹ odi náà wò. Fulton sọ pé kò sí ọ̀nà tí a lè gbà fa omi adágún sílẹ̀, àti pé àtúnṣe rẹ̀ kò dára tó. Ruff fèsì pé kò sí ewu kankan. Kò sì sí òfin tó fún ìlú tó wà nísàlẹ̀ láṣẹ lórí ohun tí onílẹ̀ ń ṣe lókè.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, àwọn òṣìṣẹ́ ń kó erùpẹ̀ sórí odi, wọ́n ń gbẹ́ ojú àkúnwọ́sílẹ̀ kejì, wọ́n sì ń gbìyànjú láti tú pàǹtírí tó dí àwọ̀n ẹja. Ó ti pẹ́ jù. A fi tẹligíráfù ránṣẹ́ sí ìsàlẹ̀ odò, ṣùgbọ́n ọdọọdún ni àwọn ará Johnstown ń gbọ́ pé odi náà fẹ́ já, ọ̀pọ̀ kò sì kà á sí mọ́. Odi náà já ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán. Láàárín nǹkan bí wákàtí kan, omi, igi àti àwókù ilé dé ìlú náà. Ohun tí omi wọ́ wá há sí ìdí afárá olókùúta kan, iná sì sọ níbẹ̀, ó pa àwọn kan tí omi kò pa.

Kò sí ilé ẹjọ́ tó dá ẹgbẹ́ náà lẹ́bi. Ní 1891, ìgbìmọ̀ àwọn ẹnjiníà ilẹ̀ Amẹ́ríkà sọ pé omi ìbá ti borí odi náà bí a kò tilẹ̀ yí i padà. Ìwádìí mìíràn tó jáde ní 2016 ta ko èyí: bí orí odi náà bá wà bí ìjọba ṣe mọ ọ́n, ó ṣeé ṣe kí ó má já.

Ìbínú aráàlú yí èrò àwọn adájọ́ padà. Ní 1868, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe ìdájọ́ nínú ẹjọ́ Rylands àti Fletcher, lórí omi tó ya láti inú adágún àdáni wọ ibi ìwakùsà aládùúgbò. Ìdájọ́ náà ni pé ẹni tó bá kó ohun tó lè ṣe ìpalára jọ sórí ilẹ̀ rẹ̀ ni yóò san gbèsè rẹ̀ bí ó bá já lọ, kódà bí a kò bá rí àìbìkítà kankan lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà tó ti kọ ìlànà yìí tẹ́lẹ̀ wá gbà á lẹ́yìn ìkún omi Johnstown. Nàìjíríà náà jogún rẹ̀ pẹ̀lú òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sì lò ó ní 1975 nínú ẹjọ́ lórí ẹ̀gbin epo rọ̀bì tó ya wọ ilẹ̀ ẹlòmíràn. Pennsylvania fúnra rẹ̀ kò ṣe òfin àbójútó dáàmù títí di 1913, lẹ́yìn tí dáàmù ilé-iṣẹ́ bébà kan já ní ìlú Austin ní 1911.

Láti 1964 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti sọ ibi tí dáàmù South Fork wà di ibi ìrántí. Ìkángun odi náà méjèèjì ṣì dúró síbẹ̀ títí di òní, pẹ̀lú àlàfo tí omi gbà já láàárín wọn.