Àjọṣepọ̀ nínú Ẹ̀kọ́ Gíga: Láti Ìbàdàn àti Igbó-Ọrà dé Àgọ́-Ìwòyè

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí yẹ àjọṣepọ̀ yunifásítì pẹ̀lú yunifásítì, pẹ̀lú ará ìlú, àti pẹ̀lú ibi iṣẹ́ wò nílẹ̀ Yorùbá. Èrò wa ni pé àjọṣepọ̀ kì í tún ẹ̀kọ́ ṣe àfi bí ẹnìkejì bá lẹ́nu nínú ohun tí wọ́n ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ àti bí wọ́n ṣe ń dán an wò.

Lọ́ńdọ́ọ̀nù àti Ìbàdàn

Nígbà tí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní 1948, kò láṣẹ láti fúnni ní oyè tirẹ̀. Oyè Yunifásítì Lọ́ńdọ́ọ̀nù ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbà títí di 1962. Àmọ́ àwọn olùkọ́ Ìbàdàn kò káwọ́ gbera. Wọ́n ń dábàá ìlànà ẹ̀kọ́, wọ́n ń lọ́wọ́ sí ìbéèrè ìdánwò, wọ́n sì ń bá àwọn ará Lọ́ńdọ́ọ̀nù máàkì rẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí ewéko àti ẹranko ilẹ̀ wa ráyè nínú ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì. Àwọn kan bẹnu àtẹ́ lu ètò náà pé ó so Ìbàdàn mọ́ àṣà Gẹ̀ẹ́sì jù, ọ̀rọ̀ wọn sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí Ìbàdàn gba òmìnira kúrò lábẹ́ Lọ́ńdọ́ọ̀nù, iṣẹ́ ìdánwò kò ṣàjèjì sí i mọ́.

Igbó-Ọrà

Ní 1963, Yunifásítì Ìbàdàn àti ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Rockefeller Foundation, dá ètò ìlera sílẹ̀ ní agbègbè Ìbàràpá, níbi tí Igbó-Ọrà wà. Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn á kó ẹrù kúrò ní Ìbàdàn, á lọ máa gbé ní Igbó-Ọrà. Á máa wọ ojúlé dé ojúlé, á béèrè ibi tí wọ́n ti ń pọnmi, iye ọmọ tí wọ́n bí àti iye tó kù. Nígbà náà, sòbìà tó ti kà nínú ìwé, ẹsẹ̀ àgbẹ̀ tí kò lè dé oko ló ti wá ń rí i. Bó bá tẹ̀ lé wọn dé adágún odò, á yé e pé omi mímọ́ ló máa ká àrùn náà kúrò nílẹ̀. Ará ìlú ti di olùkọ́ nìyẹn.

Ibi iṣẹ́

Láti 1973 ni àjọ ITF (Industrial Training Fund) ti gbé ètò SIWES (Students Industrial Work Experience Scheme) kalẹ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ lè kọ́ṣẹ́ níbi iṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ ohun tó ṣe lójoojúmọ́ sínú lọ́gíbúùkù, ọ̀gá ibi iṣẹ́ á buwọ́ lù ú, olùkọ́ láti yunifásítì á wá bẹ̀ ẹ́ wò. Àléébù ibẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ ọ̀gá náà kì í sábà kọjá ìwé yẹn. Bó bá kọ ọ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ kò mọ ẹ̀rọ kan lò, máàkì nìkan ló ń nípa lé. Ìlànà ẹ̀kọ́ ọdún tó ń bọ̀ kò ní yí padà.

Àgọ́-Ìwòyè

Ọdún 1982 ni wọ́n dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní Àgọ́-Ìwòyè; ní 2001 ló di Yunifásítì Olabisi Onabanjo. Ní Ṣágámù, níbi tí ẹ̀ka ìṣègùn yunifásítì náà wà, àjọṣepọ̀ ti wà nínú iṣẹ́ fúnra rẹ̀: dókítà tó ń tọ́jú aláìsàn nílé ìwòsàn ìkọ́ni ló tún ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ní Àgọ́-Ìwòyè, inú ìlú ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé, títí dé Orù àti Ìjẹ̀bú-Igbó. Ọwọ́ onílé ni omi, iná àti ààbò wọn wà. Onílé wá lọ́wọ́ sí bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń kàwé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó ilé nìkan ni wọ́n jọ ń sọ.

Ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun tí NUC, àjọ tó ń bójú tó àwọn yunifásítì, bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 2023 ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún ará ìlú láti lóhùn nínú ẹ̀kọ́. Ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ ti gbogbo yunifásítì. Ìdá 30 tó kù, yunifásítì kọ̀ọ̀kan ló máa pinnu rẹ̀. Ibẹ̀ ló yẹ kí àwọn oníṣẹ́ gẹdú Ìjẹ̀bú-Igbó àti àwọn apẹja Efire àti agbègbè Ogun Waterside ti lóhùn. Ẹni tó ń la igi ní sọ́míìlì lè jókòó ti olùkọ́ nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń dárúkọ pákó, kó sì fún un ní máàkì.

Ìgúnlẹ̀

Ohun tó so Ìbàdàn àti Igbó-Ọrà pọ̀ ni pé ẹnìkejì nípa lórí ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀. Èyí ni SIWES kò tíì ní tó. A dábàá pé kí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan kó ọ̀rọ̀ inú lọ́gíbúùkù jọ lọ́dọọdún, kí wọ́n kà á nípàdé tí wọ́n ti ń tún ìlànà ẹ̀kọ́ ṣe, kí wọ́n sì fèsì fún ibi iṣẹ́ tó kọ ọ́. Àdéhùn tí kò bá lè tọ́ka sí ohun kan tó yí padà nínú kíláàsì, ìwé lásán ni.