Ọmọ Aláròyé àti Ọmọ Odi

Lọ́dún 1951 ni ìwé The Catcher in the Rye, tí J. D. Salinger kọ, jáde ní Amẹ́ríkà. Ìtàn Holden Caulfield ni, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tí wọ́n lé kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́. Kò fẹ́ kí àwọn òbí rẹ̀ tètè gbọ́, ló bá ń rìn kiri ìlú New York, ó ń náwó, ó sì ń fi ọ̀pọ̀ àgbà tó bá pàdé ṣe ẹlẹ́yà nínú ọkàn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ni kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀ nípa wọn. Mo ti wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tó bá a dọ́gba títí. Àgàbàgebè le jù. Ayédèrú bá ọjà mu ju ènìyàn lọ. Aláṣehàn ni mo fara mọ́.

Àgbà ilẹ̀ wa tó bá ka ìwé náà yóò ní àkẹ́bàjẹ́ ọmọ ni, owó baba rẹ̀ ló ń ná. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ nígbà kan, títí mo fi tún un kà, tí mo wá rí i pé ọ̀fọ̀ Allie, àbúrò rẹ̀ tí àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ pa, ni kò tán lára rẹ̀.

Àwọn èwe ìwọ̀-oòrùn Èkìtì ni ọmọ yìí mú mi rántí, ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, Arámọkọ, Ìjerò àti àwọn ìlú tó yí wọn ká. Ní oṣù kìíní ọdún 1955 ni ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Àwọn ọmọ tó wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹkùn náà fi díẹ̀ lé ní 456,000 lọ́dún 1954; nígbà tó di 1955, wọ́n ti lé ní 811,000. Àgbẹ̀ kòkó tí kò mọ̀wé yọ̀ǹda ọmọ tí ìbá máa bá a ṣánko. Ìdí rẹ̀ ni pé ìwé ni yóò gba ọmọ náà lọ́wọ́ ọkọ́ àti àdá.

Àwọn tó wọlé lọ́dún 1955 parí ìwé mẹ́fà ní òpin 1960. Àyè kò pọ̀ ní ilé-ìwé girama, owó ibẹ̀ sì ga ju agbára ọ̀pọ̀ baba lọ. Iṣẹ́ akọ̀wé kò tó nǹkan. Lọ́dún 1961, iye tí wọ́n ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ tún wálẹ̀. Ìjọba dá abúlé oko sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́, ọ̀kan wà ní Òrìn-Èkìtì, kí wọ́n lè padà sídìí ilẹ̀. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà bó ti rí létí ọmọ tó ti fi ọdún mẹ́fà gbọ́ ohun mìíràn!

J. F. Ọdúnjọ, tó kọ Aláwìíyé tí ọ̀pọ̀ wọn fi kọ́ ìwé kíkà, ti ṣe mínísítà nínú ìjọba Awólọ́wọ̀ náà. Lọ́dún 1964, ìtàn àròsọ rẹ̀, Kúyẹ̀, jáde. Ọmọ òrukàn ni Kúyẹ̀. Kò gbọ́rọ̀, kò sì lè fọhùn, ìyà sì jẹ ẹ́ lọ́wọ́ àwọn ẹbí tó yẹ kó tọ́jú rẹ̀. N kò sọ pé àwọn tó jáde ìwé mẹ́fà ni Ọdúnjọ ní lọ́kàn. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé ìwé méjèèjì síwájú, Kúyẹ̀ ni mo rí lára àwọn ọmọ Èkìtì wọ̀nyẹn. Holden ń ro ẹjọ́ ara rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwé dé òpin. Àwọn tiwa, tí a tọ́ dàgbà pé ọmọdé kì í bá àgbà jiyàn, kò ro ẹjọ́ kankan. Wọ́n wọ ọkọ̀ akẹ́rù lọ́nà Iléṣà, wọ́n gba Ìbàdàn kọjá lọ sí Èkó. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé kọ̀wé púpọ̀ lórí wọn, ìṣòro ni wọ́n sì pè wọ́n.

Mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà pé bí Kérésìmesì bá dé, àwọn mìíràn á yá bàtà àti aago ọwọ́ wá sílé. Baba á béèrè iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Wọ́n á ní ọ́fíìsì ni. Baba á wo àtẹ́lẹwọ́ wọn, á rí èépá ibi tí ẹrù ti bó o, á sì ní kí ìyá wọn gbé iyán wá.