Àárọ̀ Eré Afọkànsókè

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní ọjọ́ tí yóò bá dára, àárọ̀ ni a ti ń mọ̀ ọ́n. Òwe yìí bá ayé ọmọ ènìyàn mu, ó bá iṣẹ́ oko mu, ó sì bá eré sinimá mu ju bí ọ̀pọ̀ nínú wa ti rò lọ. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé sinimá kò tíì mọ olè, kò tíì mọ olóòótọ́. Ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta àkọ́kọ́ ni yóò sọ fún un bóyá kí ó fara balẹ̀ jókòó tàbí kí ó máa wo aago ọwọ́ rẹ̀. Nínú gbogbo oríṣi eré, èyí tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù lọ ni eré afọkànsókè, èyíinì ni eré tí a fi ìpànìyàn, ìlépa tàbí àṣírí hun, tí kì í jẹ́ kí ọkàn òǹwòran balẹ̀ títí yóò fi parí.

Àwọn tí ń ṣètò ìdánwò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ èyí dájú. Láti ọdún 2008, fún ọdún mélòó kan, ìgbìmọ̀ ìdánwò OCR máa ń fi í ṣe iṣẹ́ fún àwọn ọ̀dọ́ tí ń múra àtiwọ yunifásítì pé kí wọ́n ṣe ìbẹ̀rẹ̀ eré sinimá tuntun kan, pẹ̀lú orúkọ àwọn tí ó ṣe é, kí ó má sì ju ìṣẹ́jú 2 lọ. Kí wọ́n tó ṣe èyí, wọ́n ní láti kọ́kọ́ ya àwòrán ẹnì kan tí ó ṣí ìlẹ̀kùn, tí ó rìn kọjá nínú yàrá, tí ó jókòó kọjú sí ẹlòmíràn, tí àwọn méjèèjì sì sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀. Eré ọmọdé ni ó jọ, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni ó fara pamọ́ sínú rẹ̀. Èkínní, bí a bá gé àwòrán níbi tí ọwọ́ ti di ìlẹ̀kùn mú, àwòrán tí ó tẹ̀ lé e gbọ́dọ̀ bá ọwọ́ náà níbi tí a fi í sí. Èkejì, bí ẹnì kan bá ń sọ̀rọ̀ tí ẹnì kejì ń dáhùn, kámẹ́rà gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí yóò wo ojú olúkúlùkù. Ẹ̀kẹta, ìlà kan wà láàárín àwọn méjèèjì tí a kò fojú rí. Bí kámẹ́rà bá ré e kọjá, yóò dà bí ẹni pé wọ́n ti pààrọ̀ ìjókòó. Ẹni tí kò bá mọ mẹ́ta yìí, kí ó má tíì dá bọ́ǹbù àti ìbọn lé.

Èrò tí mo fẹ́ gbé ka iwájú ẹ̀yin òǹkàwé ni pé kì í ṣe owó ni í mú ìbẹ̀rẹ̀ eré dára bí kò ṣe ètò. Àti pé ẹni tí ó ṣètò kò lè jẹ èrè ètò rẹ̀ bí kò bá ní àṣẹ lórí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi ìtàn ọkùnrin mẹ́ta wádìí ọ̀rọ̀ náà wò, ọmọ Amẹ́ríkà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: ọ̀gá kan, akẹ́kọ̀ọ́ kan, àti ẹnì kan tí kò tíì pẹ́ tí ó fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀.

Ọ̀gá náà ni Orson Welles. Ní ọdún 1957 ó ń ṣe eré kan tí ń jẹ́ Touch of Evil fún ilé-iṣẹ́ Universal. Ìlú kékeré kan ní ẹnubodè Amẹ́ríkà àti Mẹ́síkò ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n àdúgbò Venice ní Los Angeles ni wọ́n ti ya ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọwọ́ ènìyàn kan ni a kọ́kọ́ rí. Bọ́ǹbù ni ó wà nínú ọwọ́ náà, ẹni náà sì ń yí aago rẹ̀. Ó sáré lọ sí ìdí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan, ó gbé bọ́ǹbù sínú búùtù, ó sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ọkùnrin olówó kan àti ọmọbìnrin kan dé, wọn kò fura, wọ́n wọ ọkọ̀, wọ́n sì gbéra. Kámẹ́rà ń bá wọn lọ, a kò sì gé àwòrán rárá. Ó gòkè ré òrùlé kọjá, ó sọ̀ kalẹ̀ sí ojú títì, ó ń yọ́ rìn láàárín èrò. Láìpẹ́ ó bá tọkọtìyàwó tuntun kan pàdé, Charlton Heston àti Janet Leigh ni ó ṣe é, àwọn náà ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ẹnubodè. Nígbà mìíràn ọkọ̀ yóò ṣáájú wọn, nígbà mìíràn wọn yóò ṣáájú ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ àwọn oníbodè, ọmọbìnrin inú ọkọ̀ ń ráhùn pé nǹkan kan ń dún nínú orí òun bí aago, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó kà á sí. Ọkọ̀ kọjá. Ọkọ ìyàwó fẹnu ko aya rẹ̀ lẹ́nu, bọ́ǹbù bú. Gbogbo èyí kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú àáyá 20 lọ.

Kí ni ó mú wa di orí àga mú? Kì í ṣe ariwo bọ́ǹbù. Alfred Hitchcock ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí fún François Truffaut ní ọdún 1962: bí bọ́ǹbù bá bú lójijì, òǹwòran yóò ta gìrì fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ó parí, ṣùgbọ́n bí òǹwòran bá ti mọ̀ pé bọ́ǹbù wà níbẹ̀, tí àwọn tí wọ́n jókòó tì í kò mọ̀, ọ̀rọ̀ lásán tí wọ́n ń sọ yóò di ìdààmú fún un. Welles fi àṣírí lé wa lọ́wọ́, kò sì fún wa ní ẹnu tí a ó fi kígbe.

Irú nǹkan báyìí kì í ṣèèṣì dára. Orí kíréènì tí a gbé ka ọkọ̀ ni wọ́n gbé kámẹ́rà sí. Russell Metty ni ó ṣe àkóso àwòrán yíyà. Wọ́n ní láti mọ ìgbà tí iná yóò tàn, ìgbà tí èrò yóò ya, ìgbà tí ọkọ̀ yóò dúró, àti ìgbà tí yóò ṣí. Òru kan gbáko ni wọ́n fi ṣe é. Heston ròyìn lẹ́yìn náà pé ẹni tí ń ba iṣẹ́ náà jẹ́ ni òṣèré tí ó ṣe oníbodè. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni ó ní láti sọ, ìparí àwòrán ni ọ̀rọ̀ náà sì bọ́ sí. Bí ó bá ti ṣì í sọ, gbogbo wọn yóò padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ìgbẹ̀yìn ni Welles sọ fún un pé kí ó ṣáà máa mi ètè, a ó fi ohùn sí i bó bá yá. Ìgbà tí wọ́n rí i mú, ilẹ̀ ti ń mọ́ bọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni ẹrú ni ó ni ẹrù. Universal gba eré náà lọ́wọ́ Welles, wọ́n ní kí olùdarí mìíràn ya àwọn àwòrán kan kún un. Ní oṣù Disẹ́ńbà 1957, lẹ́yìn tí wọ́n fi eré náà hàn án, Welles kọ ìwé olójú-ewé 58 sí wọn, ó ń ṣàlàyé bí ó ṣe yẹ kí a tún un ṣe. Díẹ̀ ni wọ́n gbà níbẹ̀. Nígbà tí eré náà jáde ní ọdún 1958, orúkọ àwọn òṣèré bo ojú àwòrán ìbẹ̀rẹ̀ náà, orin Henry Mancini sì bo ohùn rẹ̀. Orin náà dùn, ṣùgbọ́n òǹwòran tí ń ka orúkọ kò lè máa ṣọ́ bọ́ǹbù. Welles kú ní ọdún 1985. Ọdún 1998 ni Walter Murch tó mú ìwé náà, tí ó sì tún eré náà gé ní ìbámu pẹ̀lú rẹ̀. Ó kó orúkọ kúrò lójú àwòrán, ó sì mú orin náà kúrò. Orin ilé ọtí kan tẹ̀ lé orin ilé ọtí kejì, rédíò inú ọkọ̀ sì ń sún mọ́ni, ó ń jìnnà síni, tó bẹ́ẹ̀ tí etí wa náà fi ń wá ibi tí bọ́ǹbù wà. Ogójì ọdún ni ìbẹ̀rẹ̀ eré náà fi dúró de ẹni tí yóò ṣe é bí ẹni tí ó rò ó ti rò ó.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo akẹ́kọ̀ọ́. Ní ọdún 1967, George Lucas ń kọ́ iṣẹ́ fíìmù ní yunifásítì Southern California tí a ń pè ní USC, ó sì ń ran olùkọ́ lọ́wọ́ ní kíláàsì tí àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ti ń kọ́ iṣẹ́ kámẹ́rà. Àwọn ológun wọ̀nyí ní fíìmù aláwọ̀ tí ìjọba ń san owó rẹ̀; Lucas ní èrò. Ó fi wọ́n ṣe òṣìṣẹ́, wọ́n sì jọ ṣe eré oníṣẹ́jú 15 kan, Electronic Labyrinth: THX 1138 4EB. Ọkùnrin kan ń sá, àwọn tí kò rí i lójúkojú ń fi ẹ̀rọ ṣọ́ ọ. Lucas kò ní owó tí yóò fi kọ́ ìlú ọjọ́ iwájú. Ibi tí ó ti wà tẹ́lẹ̀ tí ó sì jọ ọ́ ni ó lọ, bí ibi ìgbọ́kọ̀sí abẹ́ ilẹ̀. Eré náà gba ẹ̀bùn kìn-ín-ní níbi ìdíje fíìmù àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Amẹ́ríkà. Nígbà tí ó tún un ṣe ní gígùn fún ilé-iṣẹ́ Warner Bros. ní ọdún 1971, wọ́n gé ìṣẹ́jú díẹ̀ kúrò nínú rẹ̀ láìfi ti ìfẹ́ inú rẹ̀ ṣe. Ẹ wò ó: ohun tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn nígbà tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ aláìní, wọ́n fọwọ́ kàn án nígbà tí ó rí olówó.

Ẹnì kẹta ni John Carpenter, ọmọ USC náà ni. Ní ọdún 1978 wọ́n fún un ní nǹkan bí 300,000 dọ́là láti ṣe eré Halloween. Owó kékeré ni èyí ní Hollywood. Owó iṣẹ́ tirẹ̀ kò ju 10,000 dọ́là lọ pẹ̀lú ìpín nínú èrè, ṣùgbọ́n ó béèrè ohun kan tí Welles kò ní: pé òun ni yóò ní àṣẹ lórí eré náà. Bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tí ó pa baba ẹni. Ọwọ́ Carpenter tẹ èèkù.

Elégédé kan tí iná ń jó nínú rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ fi hàn, orúkọ ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, orin tí Carpenter fúnra rẹ̀ ṣe sì ń lu bí ọkàn ẹni tí ń sá. Lẹ́yìn náà ni a rí ilé kan ní òru, ní ọdún 1963. Ojú ẹnì kan ni kámẹ́rà dà, a kò sì mọ ẹni náà. Ó yọjú lójú fèrèsé, ó gba ẹ̀yìn wọlé, ó mú ọ̀bẹ ní ilé ìdáná, ó dúró kí ọmọkùnrin kan jáde, ó gun àtẹ̀gùn, ó fi ìbòjú bojú. Ojú ihò méjì ni a ti wá ń wòran. Ó gún ọmọbìnrin ilé náà pa. Nígbà tí ó jáde tí àwọn òbí rẹ̀ ṣí ìbòjú, ọmọ ọdún 6 ni. Welles sọ àṣírí fún wa ní ìbẹ̀rẹ̀. Carpenter fi pamọ́ títí dé òpin. Ọ̀nà méjèèjì ni ó dé ọjà, nítorí olúkúlùkù mọ ohun tí òun fẹ́ kí a mọ̀ àti ìgbà tí a ó mọ̀ ọ́n.

Ẹ gbọ́ ètò rẹ̀. Ahoro ni ilé tí wọ́n rí lò. Apá tí ó pọ̀ jù nínú ìtàn ń fẹ́ ahoro, ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ni ó ń fẹ́ ilé tí ènìyàn ń gbé. Nítorí náà wọ́n ya àwòrán ahoro tán, lẹ́yìn náà ni gbogbo òṣìṣẹ́ mú ọ̀dà, tí wọ́n kó àga àti tábìlì wọlé. Ìbẹ̀rẹ̀ eré ni wọ́n yà kẹ́yìn. Ọwọ́ tí a rí tí ó mú ọ̀bẹ kì í ṣe ọwọ́ ọmọdé. Ọwọ́ Debra Hill ni, ẹni tí ó bá Carpenter kọ eré náà. Àwòrán tí ó sì dà bí ẹni pé a kò gé e, a gé e níbi tí òkùnkùn ìbòjú ti bo ojú wa. Ẹni tí ó ṣe ọ̀dọ́mọbìnrin tí apànìyàn náà ń lépa ni Jamie Lee Curtis, ọmọ Janet Leigh tí a rí ní ẹnubodè Welles. Ní Amẹ́ríkà nìkan, eré náà pa ju 40 mílíọ̀nù dọ́là lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ wa tí ẹ ń fẹ́ ṣe eré afọkànsókè, ẹ má ṣe jókòó de kámẹ́rà olówó ńlá. Kí ẹ tó ya ohunkóhun, ẹ kọ gbólóhùn méjì sílẹ̀: kí ni òǹwòran mọ̀? kí ni ẹni inú eré kò mọ̀? Ẹ ya àwòrán ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan sórí ìwé, kí ẹ sì kọ ìṣẹ́jú àáyá tí yóò gbà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ lọ wo ibi tí ẹ ó lò ní irú wákàtí tí ẹ ó lò ó, kí ẹ sì dákẹ́ gbọ́ ohun tí ń dún níbẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bá wà ní ìparí àwòrán gígùn, ẹ rí i pé ẹni tí yóò sọ ọ́ ti há a sórí. Ẹ pinnu ibi tí orúkọ yín yóò wà, kí ó má ba à bo ohun tí ẹ fẹ́ kí a rí.

Ohun tí ó kù, ẹ ti ní in láìsan kọ́bọ̀. Ní ọjọ́ iwájú, bí owó bá dé, ẹlòmíràn lè máa sọ ibi tí a ó ti gé iṣẹ́ yín. Lónìí, ẹ̀yin nìkan ni ẹ ni ìṣẹ́jú méjì yẹn. Ẹ lò ó bí ẹni tí ó mọ iyì àṣẹ.