Òdo Iwájú: Bí Àwọn Èdè Kọ̀ǹpútà Ṣe Ń Pa Nọ́ńbà Onítumọ̀ Méjì Tì

Nínú èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní C, mẹ́jọ ni 010, kì í ṣe mẹ́wàá. Òdo tó wà níwájú ló sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀, tó kàn fi òdo kún nọ́ńbà kí òpó rẹ̀ lè gún régé lójú ìwé, kò ní rí ìkìlọ̀ kankan. Kọ̀ǹpútà á gba nọ́ńbà náà, á sì fi iye mìíràn ṣiṣẹ́.

Ilé ìwádìí Bell Labs ní Amẹ́ríkà ni àṣà yìí ti jáde. Ní 1969, ẹ̀rọ PDP-7 ni Ken Thompson àti Dennis Ritchie ń lò, bíìtì 18 ló sì wà nínú ìdìpọ̀ kọ̀ọ̀kan tí ẹ̀rọ náà ń gbé lẹ́ẹ̀kan. Òǹkà oní-mẹ́jọ bá a mu gan-an, torí pé ẹyọ nọ́ńbà kan nínú rẹ̀ dúró fún bíìtì 3. Ẹyọ 6 á gba bíìtì 18 láìṣẹ́kù. Bí Yorùbá ṣe ń fi ogún ṣe òpó òǹkà, tí ogójì jẹ́ ogún méjì, tí ọgọ́ta jẹ́ ogún mẹ́ta, mẹ́jọ ni òpó tiwọn: 20 níbẹ̀ jẹ́ mẹ́jọ méjì, kò sì sí ẹyọ 8 tàbí 9 rárá. Èdè B tí Thompson ṣe nílò àmì tí yóò fi òǹkà yìí hàn yàtọ̀, òdo kan ṣoṣo ló sì lò. Nígbà tí Ritchie sọ B di C, òdo náà bá a wọlé.

Ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ rújú ju báyìí lọ nígbà náà. Ìwé tí Brian Kernighan àti Ritchie kọ lórí C ní 1978 gba 8 àti 9 láyè nínú òǹkà oní-mẹ́jọ, débi pé 019 jẹ́ mẹ́tàdínlógún. Ìlànà C ti 1989 ló fòpin sí ìyẹn. Nígbà náà, ẹ̀rọ oníbíìtì 16 àti 32 ti gbòde, òǹkà oní-mẹ́rìndínlógún ló sì bá wọn mu jù. Ibi kan tó gbajúmọ̀ tí òǹkà oní-mẹ́jọ ti ṣì wúlò ni àṣẹ orí fáìlì nínú Unix, irú 0755 àti 0644, torí pé àṣẹ mẹ́ta ló wà níbẹ̀ fún ìsọ̀rí aṣàmúlò kọ̀ọ̀kan: kíkà, kíkọ àti mímú ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ èdè tó tẹ̀lé C, irú bíi Java, Perl, PHP, JavaScript àti Python, ló gbé òdo náà dání.

JavaScript ló jìyà rẹ̀ jù. Láìsí ìlànà líle rẹ̀ (strict mode), 017 jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ṣùgbọ́n 018 jẹ́ méjìdínlógún, torí pé bó bá ti rí 8 á padà sí òǹkà oní-mẹ́wàá. Ìtumọ̀ méjì nìyẹn fún àmì kan náà, bóyá 8 tàbí 9 wà nínú rẹ̀ ló sì ń pinnu. Irinṣẹ́ parseInt, tó ń sọ ọ̀rọ̀ di nọ́ńbà, tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: nínú àwọn aṣàwákiri àtijọ́, bí a bá fún un ní "07" á dá 7 padà, bí a bá fún un ní "08" á dá òdo padà. Kóòdù tó ń ka oṣù lọ́nà yìí á ṣiṣẹ́ dáadáa láti oṣù kìíní dé oṣù keje, á dàrú ní oṣù kẹjọ àti ìkẹsàn-án, á sì tún ara rẹ̀ ṣe ní oṣù kẹwàá. Ta ni yóò tètè rí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀? Ní 1999 wọ́n ti gbé òǹkà olódo iwájú lọ sínú àfikún ìlànà JavaScript, ṣùgbọ́n àwọn aṣàwákiri kò jáwọ́. Àtúnṣe karùn-ún, ní oṣù Kejìlá 2009, ló kà á léèwọ̀ lábẹ́ ìlànà líle, ó sì tún parseInt ṣe.

Python ti ṣe ìpinnu tirẹ̀ ṣáájú. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà: kí wọ́n fi àṣà náà sílẹ̀ bó ṣe wà, kí wọ́n sọ 010 di mẹ́wàá, tàbí kí wọ́n kọ̀ ọ́ pátápátá. Ìkejì ló wu ojú jù, òun náà ló sì léwu jù, torí pé kóòdù àtijọ́ á ṣì máa ṣiṣẹ́, iye rẹ̀ á sì ti yí padà láìsí ẹni tó mọ̀. Àbá PEP 3127 tí Patrick Maupin kọ ní 2007 yan ìkẹta. Python 2.6 gba àmì tuntun, 0o755, pẹ̀lú ti àtijọ́ ní 2008. Nígbà tó di oṣù Kejìlá ọdún náà, Python 3.0 kọ ti àtijọ́. Lójú tèmi, ìpinnu tó dára jù nínú gbogbo ìtàn yìí nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n tún gba 0O pẹ̀lú lẹ́tà ńlá, èyí tí ojú kò lè yà sọ́tọ̀ kúrò lára òdo méjì.

Python kò dúró níbẹ̀. Àmì òǹkà oní-mẹ́rìndínlógún ni 0x, f sì jẹ́ ẹyọ kan nínú òǹkà náà. Bí ẹnì kan bá kọ [0x1for x in y], a lè kà á sí 0x1 tí for tẹ̀lé, tàbí 0x1f tí or tẹ̀lé. Láti Python 3.10, ní 2021, ìkìlọ̀ ni irú àkọpọ̀ bẹ́ẹ̀ ń mú wá.

Àwọn yòókù ń rìn jẹ́jẹ́. JavaScript gba 0o ní 2015, Go gbà á ní 2019, PHP ní 2021, ṣùgbọ́n Go àti PHP kò lé ti àtijọ́ jáde. Java kò tíì fọwọ́ kàn án. Ìgbìmọ̀ C fúnra rẹ̀ ti gba 0o sínú àtúnṣe tó ń bọ̀, wọ́n sì ti pe òdo lásán ní ohun àtijọ́ tí a ó máa pa tì.

Ẹ̀yin tó ń kọ kóòdù nílẹ̀ wa, níbi tí nọ́ńbà fóònù ti ń fi òdo bẹ̀rẹ̀, tí nọ́ńbà àkáǹtì báńkì púpọ̀ náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe tọ́jú wọn gẹ́gẹ́ bí iye. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀, láàárín àmì ìfàyọ.